Òkè Misbau Tó Kọ Ilà

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú rẹ̀ kò lè sọ ọ́ parí, ẹ̀rín ni yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín láti ìdí rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní agboolé Alápáàdì, ní Bẹyẹrúnká, nínú Ìbàdàn wa yìí. Misbaudeen ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ tí òun sọ ara rẹ̀ ni Ọnárébù Alhaji Dókítà Misbaudeen Àkànmú, Òkè-Lórí-Òkè. Ọ̀rọ̀ Alhaji dá wa lójú, torí a rí i nígbà tó ti Mẹ́kà dé, tí eyín wúrà ń kọ mànà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Dókítà ni kò yé wa. Yunifásítì tó fún un, ẹnikẹ́ni kò mọ orílẹ̀-èdè tó wà, òun náà kì í sì í fẹ́ kí wọ́n bi òun.

Ohun tí Misbau fẹ́ràn jù láyé ni ibi gíga. Ní ọ́fíìsì rẹ̀ nísàlẹ̀ Mápó, ó ní kí káfíńtà kan pẹpẹ sábẹ́ tábìlì òun, kí ẹni tó bá wọlé lè máa gbójú sókè wo òun. Nígbà tó yá, pẹpẹ náà kò ga tó mọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí wọ́n kan òmíràn lé e. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dìde dúró lórí rẹ̀, fáànù òkè àjà gbá fìlà rẹ̀ dànù, díẹ̀ ló kù kó gbá orí mọ́ ọn. Ẹ̀yin ń rò pé wọ́n gbé pẹpẹ wálẹ̀ ni? Fáànù ni wọ́n tú. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń làágùn bí ẹni tó ń roko, Basit akọ̀wé rẹ̀ ló sì máa ń sọ fún wọn pé ooru ọlá ni.

Iṣẹ́ Basit kò pọ̀. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀ dé ibi tó ti fẹ́ mí, Basit á ní, “Ó tọ́, sà.” Nígbà míì, ó máa ń sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu ọ̀gá.

Ìjọba ló fi Misbau ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó pàǹtí ibi ìwakùsà. Lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, erùpẹ̀ tí wọ́n gbá kúrò lórí àpáta àti àfọ́kù tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ti pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀ ibẹ̀ lè gbà lọ. Wọ́n fẹ́ kí ìgbìmọ̀ náà wá ọ̀nà tí wọ́n máa fi kó o jọ tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Misbau gbọ́ pé òun ni alága pàǹtí, inú bí i débi pé kò jẹun ọ̀sán. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe pàǹtí ní pàǹtí mọ́. Ìṣúra Tí Kò Tíì Mọ Ara Rẹ̀ ni kí wọ́n máa pè é. Ẹ wá wo àwọn awakọ̀ típà lójú títì, tí ọlọ́pàá ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n kó sẹ́yìn, tí wọ́n ń dáhùn pé ìṣúra ni. Àwọn kan nínú wọn sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá mọ́jú nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Nǹkan kan wà lọ́kàn Misbau tó ju ti ìjọba lọ. Mọ́gàjí agboolé Alápáàdì ti papòdà, ìdílé sì ń wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn mọ̀ pé Mọ́gàjí ni ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í gun oyè ìlú, láti orí àkàsọ̀ kan bọ́ sórí òmíràn, bí ẹ̀mí bá ṣe gùn sí. A kì í fò ó. Àgbà ẹni iyì ló ti darúgbó lórí àkàsọ̀ kan ṣoṣo tí kò sì ráhùn. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ Baba Gàfárù, àgbà jùlọ nínú ìdílé, àwọn tí Baba sì ń wò fún oyè náà kò ju Misbau àti Sàídì ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ lọ. Sàídì ń rán fìlà l'Ọ́jà'ba, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bá nǹkan kan jà ju abẹ́rẹ́ lọ.

Misbau rò ó títí, ó sì rí ọgbọ́n kan. Ó ní òun yóò fi pàǹtí náà kọ́ òkè tó ga ju Mápó lọ, wọn yóò sọ ọ́ ní Òkè Misbau, òun yóò sì kó gbogbo ìdílé lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀. Ta ni yóò rí ẹni tó ní òkè tirẹ̀, tí yóò tún lọ fi aránfìlà joyè?

Injiníà ìgbìmọ̀ náà ni Hikmat, obìnrin tó kàwé gidi, ní yunifásítì tí gbogbo wa mọ ojú ọ̀nà rẹ̀. Ó gbójú sókè wo Misbau lórí pẹpẹ, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jọ tí kò fi ní ya lulẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbá ẹrẹ̀ kúrò nídìí ilẹ̀, kí wọ́n to òkúta ńláńlá sísàlẹ̀ kí omi lè rí àyè gbà jáde, kí wọ́n sì gbẹ́ kòtò yí i ká kí ọ̀gbàrá má baà wọnú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n máa kó erùpẹ̀ lé e ní ìpele-ìpele bí àkàsọ̀, kí wọ́n tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó le kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ó ní pàtàkì jùlọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí odò Alárìnká tó ń gba ibẹ̀ kọjá, torí abà kan wà nísàlẹ̀ odò náà tó kún fún èèyàn.

Misbau fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n.

“Injiníà, kí ni omi máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá?”

“Òkè náà ni, sà.”

“Orúkọ ta ni òkè náà ń jẹ́?”

“Orúkọ yín ni, sà.”

“Ṣé o wá rí i pé o fẹ́ kí omi gba abẹ́ mi kọjá lójú gbogbo ayé?”

Basit ní ó tọ́, omi kò gbọdọ̀ gba abẹ́ Alhaji.

“Sà, omi kì í tọrọ àyè,” ni Hikmat wí. “Bí ẹ ò bá fún un lábẹ́, inú ló máa gbà.”

Misbau rẹ́rìn-ín tí eyín wúrà fi hàn. Ó ní ti àkàsọ̀ tí obìnrin náà ń sọ, ẹni tí kò lè fò ló ń wá àkàsọ̀. Àkàsọ̀ ti sú òun. Ó ní kí wọ́n máa dà á láti òkè ní ẹ̀ẹ̀kan náà, kó máa ga lọ bí ògo òun. Ti odò, ó ní òun yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ó sì bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Nínú oṣù ọyẹ́, ó dúró létí odò Alárìnká pẹ̀lú gbohùngbohùn, àwọn oníròyìn rédíò yí i ká, ó ní: “Ìwọ odò yìí, mo jẹ́ ẹni tí ìjọba rán. Mo fún ọ láàyè kí o fi ibí yìí sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Bí o bá ṣorí kunkun, ojú rẹ á rí nǹkan.” Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, odò náà gbẹ. Rédíò gbé e pé omi ti gbọ́ràn sí Alhaji lẹ́nu. Misbau alára gbà á gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn nǹkan míì tí òun lè bá wí, ó tilẹ̀ bá oòrùn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan níwájú gbọ̀ngàn Mápó.

Ẹ̀yin ará mi, ní gbogbo ọdún ni odò Alárìnká máa ń gbẹ bí ọyẹ́ bá dé. Ìyá Rachel, obìnrin aládùúrà ará abà náà tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ létí odò náà láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ, lè sọ fún un bó bá bi í. Ó kàn wo àwọn oníròyìn, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé odò lọ sí àjò ni, ó ń bọ̀ wálé.

Kí odò tó dé láti àjò ni wọ́n ti da ilé rẹ̀ kún. Típà ń lọ, típà ń bọ̀, ìṣúra ń dà láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ẹni da gàrí sínú abọ́. Òkè náà ga ju igi àràbà lọ. Nígbà tó tó bí Misbau ṣe fẹ́, ó ní ara rẹ̀ kò dán, ó kó àwọn bíríkìlà wá, wọ́n fi amọ̀ pupa rẹ́ ẹ láti òkè dé ìdí bí ẹni ń rẹ́ ilé. Hikmat ní bí wọ́n bá fi amọ̀ dí i báyìí, omi tó bá wọ̀ ọ́ kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Wọ́n ní kó lọ jókòó. Misbau a máa dúró sí Mápó láràárọ̀, á fi ọwọ́ bo iwájú orí, á wo òkè rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, inú rẹ̀ á sì dùn débi pé á bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Lẹ́yìn rẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun díẹ̀díẹ̀ nídìí òkè. Hikmat sáré wá sí ọ́fíìsì, ó ní òkè ti ń sunkún. Misbau ní ẹkún ayọ̀ ni. Ó ní kí Basit lọ fi okùn yí ibẹ̀ ká, kí wọ́n máa pè é ní Omi Ayọ̀, àwọn èèyàn sì ń wá láti Òkè Bọ́lá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì láti bu omi pàǹtí lọ sílé.

Òjò tún rọ̀. Ìdí òkè wú síta bí ikùn. Hikmat tún dé, ó ní kí wọ́n wá wo bó ṣe ń yọ ikùn. Misbau bi í pé ní Ìbàdàn yìí, ta ló máa ń yọ ikùn, olówó àbí tálákà? Ó ní òkè òun ń rí jẹ ni. Basit ní ó tọ́, ó ní òun gan-an ti ṣàkíyèsí pé ojú òkè náà ń tutù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni orí òkè là. Ó là ní ìlà gbọọrọ-gbọọrọ, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ìgbà yìí Misbau fúnra rẹ̀ lọ wò ó, ó sì dúró pẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òmùgọ̀ pátápátá, ohun kan sọ fún un nínú ọkàn rẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Mọ́gàjí ti wọ̀ ọ́ lára ju èyí tó lè padà sẹ́yìn lọ. Ó yíjú sí Basit, ó ní: “Ṣé o rí i? Òkè yìí ti kọ ilà. Ọmọ Ìbàdàn ni.”

Wọ́n wá jiyàn lórí irú ilà tó jẹ́. Misbau ní àbàjà ni, Basit ní gọ̀ǹbọ́ ni, wọ́n sì ránṣẹ́ pe bàbá olóólà kan láti ẹ̀yìn ọjà kó wá dá ẹjọ́. Bàbá náà gun òkè, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú ilà náà títí dé ìgbọ̀nwọ́, kò kan ìsàlẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń fọwọ́ kan abẹ, òun kò tíì rí ilà tó ń gbòòrò sí i lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́ tán. Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sọ̀kalẹ̀ kíá, kò dúró jẹ obì tí wọ́n gbé fún un.

Hikmat ti lọ bá àwọn ará abà pé kí wọ́n kúrò. Wọ́n bi í pé ibo ni kí àwọn lọ. Ó padà sí ọ́fíìsì Misbau, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ, ó pe Misbau láti Ọnárébù títí dé Òkè-Lórí-Òkè, kò gbàgbé Dókítà. Misbau wò ó tìyanu-tìyanu, ó rò nínú ara rẹ̀ pé ìmọ̀ ti wá wọ obìnrin yìí lórí.

“Alhaji, mo ń ro ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ni,” ni Hikmat wí. “Àwọn ará abà Alárìnká súnmọ́ òkè jù. Ọrùn wọn ò lè yí dé ibi tí ẹ máa dúró sí. Bí wọ́n bá wà lórí àpáta tó kọjú sí i lódìkejì, wọ́n á rí yín láti orí dé ẹsẹ̀, àtẹ́wọ́ wọn á sì dún dé Mápó.”

Àtẹ́wọ́ tó ń dún dé Mápó! Misbau pàṣẹ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ku sílé ní abà náà lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, ì báà jẹ́ arúgbó, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Hikmat bi í bóyá ewúrẹ́ náà lè wá. Ó ní kí ewúrẹ́ wá. Bọ́ọ̀sì ìjọba ló kó wọn, Misbau kò sì bèèrè ìdí tí àwọn tó ń bọ̀ wá pàtẹ́wọ́ fi gbé ìkòkò, ẹní àti pákó ibùsùn dání. Ó rò pé wọ́n fẹ́ pẹ́ níbẹ̀ ni.

Ọjọ́ náà pé. Òjò ti ń rọ̀ lókè odò láti àárọ̀. Àwọn àgbà agboolé Alápáàdì dé, Sàídì wà lára wọn pẹ̀lú fìlà tuntun tó rán fún Baba Gàfárù. Misbau wọ agbádá funfun, ó jókòó sínú garawa katapílà pẹ̀lú Basit, ẹ̀rọ náà sì gbé wọn sókè, torí òjò ọjọ́ mélòó kan ti mú kí amọ̀ ara òkè náà máa yọ̀, èèyàn kò lè fi ẹsẹ̀ gùn ún mọ́. Ó ké sí Baba Gàfárù láti òkè pé kí wọ́n máa bọ̀ wá bá òun dúró lórí òkè ìdílé wọn.

Baba Gàfárù wo òkè náà láti ìdí dé orí. “Misbau, níbo ni àkàsọ̀ rẹ̀ wà?”

“Kò ní àkàsọ̀, Baba. Ẹ̀rọ á gbé yín fò ó ni.”

“Rárá, ọmọ mi,” ni Baba wí, ó sì kó àwọn àgbà lọ bá àwọn ará abà lórí àpáta.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Misbau, ṣùgbọ́n ó ti gba gbohùngbohùn. “Ẹ̀yin tó ti rí òkè rí,” ló wí, “àti ẹ̀yin tó rò pé ẹ ti rí òkè rí. Ọlọ́run ló dá àwọn òkè tó kù. Òyìnbó kọ́ gbọ̀ngàn sórí Mápó, wọn kò kọ́ Mápó. Èmi Misbaudeen, ọmọ Alápáàdì, ni mo kọ́ òkè. Ẹ wo ara rẹ̀ bó ṣe ń dán. Ẹ wo ikùn rẹ̀. Ẹ wo ilà ojú rẹ̀.” Nígbà tó dé ibi ilà ni òjò já lé wọn lórí. Basit rọra sọ fún un pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Misbau gbójú sókè. “Òjò, dúró kí n parí. Odò ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu rí.”

Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Odò Alárìnká náà ti ti àjò dé, ó bá ẹrù ẹlẹ́rù nínú ilé rẹ̀, ó sì ti wọ inú òkè ó ń wá yàrá rẹ̀ káàkiri. Ikùn òkè bẹ́. Orí rẹ̀ kò wó lójijì, ó rọra ń yọ̀ wálẹ̀ ni, ó gbé Misbau dání ní ìdúró, gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà lórí àpáta rò pé ó wà lára ayẹyẹ náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dún dé Mápó. Ohùn Misbau ń lọ sílẹ̀, ó ń sọ pé òkè yìí kò ní yẹsẹ̀ láéláé, títí ẹrẹ̀ fi gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dúró, Misbau wà nísàlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tó mù ún dé àyà, kò sí fìlà, eyín wúrà nìkan ló mọ́ lára rẹ̀. Basit wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lórí àpáta bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn wo ibi tí abà wọn wà, ẹ̀rín sì dáwọ́ dúró.

Èmi náà, ibí yìí ni ẹ̀rín ti máa ń tán lẹ́nu mi. Ẹrẹ̀ náà ti bo ilé wọn. Òrùlé mélòó kan ló yọ orí, bí ẹni tó ń wẹ̀ lódò. Bó bá jẹ́ pé wọ́n wà nílé ńkọ́? Ìyá Rachel fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí. Nígbà tí iye wọn pé, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá Misbau níbi tó há sí.

“Alhaji,” ló wí, kò pariwo, “ibi tí ẹ wà yẹn, yàrá tí àwọn ọmọ mi ń sùn ni.”

Misbau la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ kankan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀.

“Ó tọ́, sà,” ni Basit wí, torí ó ti mọ́ ọn lára.

Ẹ jẹ́ kí n ké ìyókù kúrú. Ìjọba yọ Misbau nípò, wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ará abà níbi tó jìnnà, wọ́n sì ní kí Hikmat tún pàǹtí náà kó jọ bó ṣe yẹ. Ó kó o jọ. Òkìtì náà ní òkúta nídìí, ó ní kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ìpele-ìpele, koríko ti hù bò ó. Kò ga, kò dán, kò ní orúkọ, omi sì ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń kọjá níwájú rẹ̀ tí wọn kò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ìdílé pàdé ní Bẹyẹrúnká, wọ́n fi Sàídì ṣe Mọ́gàjí. Misbau dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi ṣàdúà tán, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má lé òun. Kí wọ́n fún òun ní ipò kan, bó ti wù kó kéré mọ, kí òun náà lè máa ti ibẹ̀ gòkè.

Àwọn àgbà wo Baba Gàfárù. Baba ní ẹnikẹ́ni kò lé e, ọmọ Alápáàdì ni. Ó ní gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ti dí láti ọdún tó kọjá, gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ ni omi ń wọ yàrá àwọn ìyá arúgbó. Ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀.

Misbau gbé orí sókè nílẹ̀ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn díẹ̀.

“Baba, ta ni alága rẹ̀?”

“Kò ní alága,” ni Baba Gàfárù wí. “Ṣọ́bìrì ló ní.”